Ẹní Tí Nevili Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn ará ìsàlẹ̀ etíkun ti ń sọ ọ́ bí kò ṣe rí. Àwọn kan ní àwa la ba òyìnbó náà jẹ́. Àwọn mìíràn ní ọkọ mi ti ń ṣarán. Ọkọ mi ò ṣarán. Tuiloma lorúkọ oyè rẹ̀, òun ni olórí ẹbí wa ní abúlé Fagalupe, kò sì tíì sí ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ láàárín àwọn àgbà tí wọ́n ní kó mú un padà. Èmi Fuatino, ìyàwó rẹ̀, ni mo ní ẹnu. Gbogbo erékùṣù Savai'i ló mọ̀, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

Nevili dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ooru ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú, tí máńgòrò ń já lu páànù ilé ìdáná tí kì í jẹ́ ká sùn. Ará Australia ni. Ilé iṣẹ́ kan ní Apia, ní erékùṣù kejì, ló gbà á pé kó wá máa tún àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi sáwọn abúlé ṣe títí ooru á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ti lé lógójì ọdún, irun ti ń sá kúrò níwájú orí rẹ̀, ìyàwó ti kọ̀ ọ́, kò bímọ. Wọ́n ní kó lọ gbé ilé ìtura tó wà létí èbúté. Ó ní rárá, àárín èèyàn lòun fẹ́ gbé. Ọkọ mi ní kó máa bọ̀. Bá a ṣe gba òyìnbó nìyẹn.

Ilé tiwa, òpó àti òrùlé ni. Atẹ́gùn ń gba ibí wọlé, ó ń gba ọ̀hún jáde. Ẹni tó ń kọjá lójú títì ń rí ohun tí à ń jẹ, àwa náà ń rí ohun tó gbé lọ́wọ́. Nevili sùn síbẹ̀ díẹ̀, ló bá wá bá mi nídìí ààrò, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ tọrọ iyọ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mi ò lè rí ibì kan tí mo lè tilẹ̀kùn mọ́ra?"

"Kí lo fẹ́ máa ṣe níbẹ̀ tí ojú ò gbọdọ̀ rí?"

"Kò sí nǹkan kan o, Ìyá. Oorun ni."

"Oorun tìẹ máa ń sá lọ ni, tó o fi fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ ọn?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Òun àtàwọn ọmọkùnrin ilé ló wá fi pákó kan yàrá kékeré kan fún un lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n fi ilẹ̀kùn sí i, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn. Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ní gbogbo agbo ilé wa.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó gbìyànjú. Láàárọ̀, ó máa ń jókòó tì wá lórí ẹní, yóò mu kòkó gbígbóná, yóò fi gbẹ̀rẹ̀fútù sísun gbá omi àgbọn jẹ, lẹ́yìn náà ni yóò kó páìpù sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù rẹ̀, ó di iṣẹ́. Ó ń ró ìró bí àwọn ọkùnrin wa, àmọ́ kò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dì í. Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, orin dé ibi tó dùn, ìró bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ọwọ́ kan di ìwé orin mú, ọwọ́ kan di ìbàdí mú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ìyàwó pásítọ̀ ní kí n kọ́ ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń múra. Ọmọ mi, ẹ gbọ́. Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ náà, mi ò lè sẹ́.

Tí iṣẹ́ ò bá sí, kì í jókòó sójú kan. Ó lọ wo ilẹ̀ dúdú tí òkè iná tú sílẹ̀ láyé àwọn bàbá ńlá wa, ó lọ wo ibi tí òkun ń gba inú ihò àpáta tu omi sókè, ó gun òkè tí èmi tí wọ́n bí síbí ò gùn rí. Tó bá dé, yóò máa ròyìn ìlú wa fún wa. Ọkọ mi yóò máa mi orí bí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Èmi yóò ní, "Àlejò lójú, kò fi ríran," Nevili yóò sì rẹ́rìn-ín, torí ó rò pé mò ń yìn ín.

Nírọ̀lẹ́, òun àti ọkọ mi máa ń jókòó sórí òkúta iwájú ilé. Ó sọ ohun kan lọ́jọ́ kan tí mo gbọ́ láti ibi tí mo ti ń bó ẹ̀pà. Ó ní, "Bàbá, nílùú wa, mo gbé òpópónà kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò mọ orúkọ ẹni tí ilé rẹ̀ fara kan tèmi. Tí mo bá kú síbẹ̀, òórùn ni ì bá sọ fún wọn. Níbí, ó ń ṣe mí bí ẹni tó ní èèyàn."

Ọkọ mi dá a lóhùn pé, "Kò ṣe ọ́ bí ẹni tó ní. O ní."

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nílẹ̀ wa. Ẹni tí olórí ẹbí bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún, tó bá ṣe rere, ẹbí ló ṣe é. Tó bá dá ọ̀ràn, ẹbí ló dá a.

Ó sì dá ọ̀ràn.

Ọjọ́ Fúráìdè ni. Ó ti lọ tún ẹ̀rọ omi ṣe ní ìkángun erékùṣù, níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Kó tó lọ láàárọ̀, mo fi í ṣẹ̀fẹ̀, torí ó pẹ́ dé àdúrà ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, tí iná ọkọ̀ rẹ̀ tàn sí gbogbo wa lójú níbi tá a ti dijú. Mo ní bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi ni màá dúró sójú títì dè é. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Ìyá. Mi ò ní pẹ́."

Ní gbogbo ìlú wa, wọ́n ń fun fèrè ìkarahun lásìkò àdúrà ìrọ̀lẹ́. Kálukú á wọlé, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á dúró létí títì kí ẹnikẹ́ni má bàa rìn. Ní Fagalupe tiwa, ọkọ̀ lè rọra kọjá. Ní Sapini tó kángun sí wa, kò gbọdọ̀ kọjá. Wọn á pa ẹ́ńjìnnì, wọn á dúró títí fèrè á fi tún dún. Nevili mọ̀. Mo ti sọ fún un, ọkọ mi ti sọ fún un. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, fèrè dún bó ṣe wọ Sapini, àsìkò sì ti ń lọ, tiwa náà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó rò ó pé wọ́n mọ òun, òun ló tún omi wọn ṣe, ilé ò sì jìnnà mọ́. Ó juwọ́ sí ọ̀dọ́kùnrin àkọ́kọ́, ó kọjá. Ó juwọ́ sí ìkejì, ó kọjá. Lafaele ló tẹ̀ lé wọn, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Saufoi ìyá rẹ̀ bí. Ó bọ́ sójú títì, ó na ọwọ́ sókè pé kó dúró. Òjò ti rọ̀, títì ń yọ̀. Ọkọ̀ ò dúró.

Ó ń sáré bọ̀ wá gbàdúrà. Ẹ gbọ́ ọ ná.

Itan Lafaele ni ọkọ̀ gbá, egungun rún wómúwómú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn létí èbúté. Àwọn ọlọ́pàá mú Nevili lọ sí ọ̀dọ̀ wọn síbẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn ará Sapini má sì fọwọ́ ara wọn dájọ́. Wọ́n ní ó di ìdájí kó tó lè máa lọ.

Ọkọ mi pe gbogbo ẹbí jọ, ó ní kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, a ó wà ní iwájú ilé Saufoi. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Fuatino, ẹní ìyá rẹ ńkọ́?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ ẹní àtàtà, ẹ mọ ohun tó béèrè lọ́wọ́ mi. Ìyá mi hun ún títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì. Ó fẹ́lẹ́, ó rọ̀ bí aṣọ, ìyẹ́ pupa yí etí rẹ̀ ká. Mo ti fi í pamọ́ fún ìsìnkú ọkọ mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, bá a ṣe ń rò ó níbí nìyẹn, òun náà mọ̀. Ẹní tó bá sì ti bá wa lọ sí ifoga, ìyẹn ẹ̀bẹ̀ tí ẹbí ń lọ jókòó bẹ̀ lábẹ́ ẹní, kì í bá wa padà wálé mọ́, ó di ti ẹni tá a ṣẹ̀.

Mo ní, "Bàbá wọn, ṣé torí òyìnbó?"

"Torí ọmọ ilé yìí."

Mo kó ẹní jáde.

Ìyẹn la ṣe gbé igi ìdáná, tá a gbé òkúta ààrò, tá a rìn lọ sí Sapini nínú ìrì. Igi àti òkúta, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹran yín la jẹ́, ohun èlò tẹ́ ẹ máa fi sè wá rèé, tó bá wù yín kẹ́ ẹ sè wá, tó bá wù yín kẹ́ ẹ dá wa sí. Ohun tó kù ni Nevili. Ọlọ́pàá kan tó jẹ́ ìbátan wa ti ṣèlérí pé òun á gbé e wá bá wa níbẹ̀. Nígbà tá a dé ẹ̀bá Sapini tí mi ò rí ẹnì kankan, mo pè é lórí fóònù.

"Nevili, ibo lo dé?"

Mò ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì.

"Mo wà nínú ọkọ̀ ojú omi, Ìyá."

"Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ síbo?"

"Apia. Ilé iṣẹ́ mi ló pè mí. Wọ́n ní n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, n má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ẹni tó bá ti bẹ̀bẹ̀ ti jẹ́wọ́."

Mo pa fóònù. Mo rìn lọ bá ọkọ mi, mo sọ ọ́ sí i létí, kí àwọn tó kù má gbọ́. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo wà nínú ọkọ̀ náà. Ọkọ mi wo iwájú, ó ní, "A ò ní dúró dè é. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó jókòó sórí koríko iwájú ilé Saufoi, ó tẹ orí ba, a fi ẹní bò ó. Àwa yòókù jókòó sẹ́yìn rẹ̀, a tẹ orí ba. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọkùnrin ilé náà jáde sí wa. Àdá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀kan ju òkò, ó balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eékún mi. Matamua, àbúrò bàbá Lafaele, ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú wa. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè ṣe, torí Saufoi ò sí nílé, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló sùn. Òun ló ni ẹkún, òun ló ni ẹní. Òun ló lè ṣí i, kó dárí jì wá, tàbí kó fi í sílẹ̀. Tó bá fi í sílẹ̀ tílẹ̀ fi ṣú, à ń padà lọ sílé pẹ̀lú ọ̀tá nìyẹn. Àwọn ọmọ wa ò ní lè gba ojú títì yẹn lọ sílé ìwé mọ́.

Oòrùn yọ. Àtọ̀gbẹ ń bá ọkọ mi jà, kò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Mi ò lè rí i, ẹní nìkan ni mò ń rí. Ó ń lọ sókè, ó ń wá sísàlẹ̀, mo sì ń fi ojú ṣọ́ ọ pé èémí rẹ̀ nìyẹn. Tó bá pẹ́ kó tó gbéra, èmi náà á dá èémí tèmi dúró.

Oòrùn ti wà láàárín orí nígbà tí Saufoi dé. Obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irun rẹ̀ ò rí ìyarun. Ó gba àárín wa kọjá láìwo ẹnì kankan, ó wọlé, ó jókòó, ó kọjú sí wa. Ó wò wá pẹ́. Mo rí i láti abẹ́ ìpéǹpéjú mi nígbà tó na ọwọ́ sí òpó ilé láti dìde. Ó ń dìde, mo fi Ọlọ́run búra. Ara rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni takisí dúró.

Nevili ló bọ́ sílẹ̀. Ó ti dé Apia, ọkàn rẹ̀ ò gbà á, ló bá tún wọ ọkọ̀ padà. A gbọ́ èyí lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ náà, ohun tá a rí ni ọkùnrin kan tó ń sáré gba àárín àwọn tó tẹ orí ba, tí ìgò omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń pariwo pé, "Ẹ fẹ́ pa bàbá yìí ni? Ṣé ẹ ò rí oòrùn ni?"

Mo na ọwọ́ láti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ọwọ́ mi ò tó o. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí ẹní ìyá mi mú, ó ṣí i kúrò lórí ọkọ mi.

Saufoi padà jókòó.

Ikú yá ju ẹ̀sín, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ ọ́. Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá kó sí i. Ọkọ mi jókòó sójú oòrùn, orí rẹ̀ funfun, ó ń ṣẹ́jú, òógùn bo ojú rẹ̀, gbogbo Sapini ń wò ó. Nevili ki ìgò omi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò gbà á.

"Ta ló ní kó o ṣí i?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ìgbà tó ń bi ọmọdé.

"Bàbá, ẹ máa kú."

"Tí mo bá kú sábẹ́ rẹ̀, mo kú bí èèyàn. Ìhòhò lo bọ́ mi sí yìí."

Matamua ló wá sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú wa títí dòní. Ó kọjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní, "Ẹ wá wo òyìnbó. Ó kán ọmọ wa lẹ́sẹ̀, ó tún wá dárí ji ara rẹ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju òkò lọ.

Ọkọ mi fa ẹní padà bo orí. Ó pẹ́ kó tó rí etí rẹ̀ mú. Nevili dúró sójú kan pẹ̀lú ìgò rẹ̀, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ohun tó ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e. Mo ní, "Jókòó." Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. "Tẹ orí ẹ ba." Ó tẹ̀ ẹ́ ba, mo sì gbọ́ bí eyín rẹ̀ ṣe ń lu ara wọn nínú ooru yẹn.

A tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Saufoi ò mira. Ọ̀sán yẹ̀, òjò ṣú, ó rọ̀. Òjò ooru tiwa kì í rọra. Ó rọ̀ sórí iṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi títí ẹní fi lẹ̀ mọ́ ọkọ mi lára, tí mò ń ka egungun ẹ̀yìn rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹní ò fi bẹ́ẹ̀ gbéra mọ́. Mò ń gbàdúrà, mi ò mọ ohun tí mò ń tọrọ.

Inú òjò yẹn ni Saufoi sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ṣí ẹní.

"Ẹ dìde, Tuiloma. Ẹ wọlé. Òjò ń pa yín."

Wọ́n gbé ọkọ mi wọlé, kò lè rìn. Matamua sọ̀rọ̀, àgbà wa kan fèsì, wọ́n ní ó tán, wọ́n ní ilé kan ni wá láti òní lọ. Saufoi fọwọ́ ara rẹ̀ bu kòkó gbígbóná fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bù fún Nevili náà. Ó gbà á, ó gbé e dání títí ó fi tutù, kò mu ún. Mo rí i pé Saufoi rí i.

Láti ọjọ́ náà ni kọ́kọ́rọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nevili á ti ibi iṣẹ́ dé, á wọ yàrá pákó, á tilẹ̀kùn. Kò jókòó sórí òkúta mọ́, kò wá síbi àdúrà, kò bá wa jẹun mọ́. Agolo sadíìnì ni mò ń rí lẹ́yìn yàrá rẹ̀ láàárọ̀. Ọkọ mi dùbúlẹ̀ àìsàn, ikọ́ ò jẹ́ kó gbádùn, ojoojúmọ́ ló sì ń béèrè pé, "Nevili ti dé?" Màá ní ó ti dé. "Kí ló dé tí kò yọjú?" Màá ní ó rẹ̀ ẹ́.

Tí mo bá lọ ra ṣúgà ní ìsọ̀, wọn á ní, "Fuatino, ta ni òyìnbó yín dárí jì lọ́sẹ̀ yìí?" Èmi tí mo máa ń dá wọn lóhùn kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé rìn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn pátápátá ni mò ń jókòó sí. Mo wá sọ fún ọkọ mi pé kó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ìtìjú rẹ̀ ti pọ̀ jù nílé yìí.

Ó ní, "Tó bá jẹ́ ìwọ lo bí i, ibo lo máa ní kó lọ?"

"Èmi kọ́ ni mo bí i."

Ó yí ẹ̀yìn sí mi. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí dọjọ́ kejì.

Nevili fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, láti ẹ̀yìn pákó, pé òun ti bẹ ilé iṣẹ́ kí wọ́n dá òun padà sí Australia kí àsìkò òun tó pé. "Mi ò lè wo ojú Bàbá," ó ní. "Mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni." Mo ní ó dáa. Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Inú mi sì fúyẹ́, kẹ́ ẹ mọ irú èèyàn tí mo jẹ́.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tó kẹ́yìn ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ni mo rí Saufoi tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lójú títì nínú aṣọ funfun, ó gbé agbọ̀n oúnjẹ lé èjìká. Mo sáré lọ gbá ilẹ̀kùn pákó.

"Nevili, jáde. Ìyá Lafaele ń bọ̀."

"Ẹ sọ fún un pé mi ò sí nílé."

"Sọ́ńdè rèé o. Ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ní mi ò sí nílé."

Saufoi ti wọ agbo ilé. Ó kí ọkọ mi níbi tó fẹ̀yìn tì, ó kí mi, ó béèrè Nevili. Mo la ẹnu, mo sọ pé, "Kò sí nílé."

Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Sílípáàsì ńlá méjèèjì tò síbẹ̀.

"Ó wá fẹsẹ̀ lásán lọ?" ó ní. Kò fi bú mi. Ì bá sàn tó bá bú mi.

Ó rìn lọ síwájú ilẹ̀kùn, ó gbé agbọ̀n kalẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó tẹ orí ba. Ìyá ọmọ tí wọ́n kán lẹ́sẹ̀ ló jókòó síwájú ilé ẹni tó kán an, bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀. Mo sáré lọ láti gbé e dìde. Ọkọ mi ké sí mi pé, "Má fọwọ́ kàn án." Mo dúró. Àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ti ń dúró lójú títì, wọ́n ń wo inú ilé wa tí kò ní ògiri. Mi ò rí ibi tí mo lè fi ojú mi sí.

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni kọ́kọ́rọ́ dún. Nevili yọjú, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀, ó rí obìnrin náà nílẹ̀. Ó jókòó lulẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ń sọ pé kó jọ̀ọ́, kó dìde, kó jọ̀ọ́.

Saufoi tú ewé tó wà lórí agbọ̀n. Ó ti se kókò nínú ààrò òkúta, ó fi ewé rẹ̀ àti omi àgbọn sí i. Ó bù ú sórí ewé, ó tì í síwájú rẹ̀.

"Jẹun."

"Mi ò lè jẹ ẹ́, Ìyá. Kò ní lọ."

Saufoi gbé orí sókè, ó wò ó lójú.

"Ọmọ mi ò ní rìn dáadáa mọ́ láyé rẹ̀," ó ní. "Mo ti gbé ìyẹn mì. Kókò lásán ni ìwọ ò lè gbé mì?"

Nevili mú un. Ó fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, ó ń sunkún, Saufoi sì ń bu òmíràn lé e. Ọkọ mi ní kí n lọ bu omi wá fún wọn, mo sì lọ.